Ilé alámọ̀ àwọn alágbàṣe kòkó: ìsàlẹ̀ ògiri ń jẹrà, níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Abà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tó mọ̀ nípa ilé àtijọ́. Ilé abà kan ló wà lápá Ìfẹ̀tẹ̀dó, ilé alámọ̀ tí wọ́n mọ fún àwọn alágbàṣe kòkó láyé ọjọ́un. Yàrá mẹ́fà ló tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sí pàséèjì, kálukú ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ síta. Páànù ló wà lórí rẹ̀, ògiri nípọn tó íńṣì 16. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ yíká, wọ́n sì da kọnkéré síwájú rẹ̀ fún sísá kòkó.

Ní báyìí, sìmẹ́ńtì ń bó nísàlẹ̀ ògiri. Ibi tó bá bó, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tutù rinrin, ìka ń wọ inú rẹ̀ bí ẹni tẹ ìka bọ ẹ̀kọ. Igun ọwọ́ ọ̀tún ti ń tẹ̀ síta. Àwọn kan nínú ẹbí ní ká wó o, ká fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun. Àwọn mìíràn ní ká tún fi sìmẹ́ńtì tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ rẹ́ ẹ. Èmi kò fẹ́ kó wó rárá. Kí ni ká ṣe?

Bíríkìlà Alámọ̀

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé sìmẹ́ńtì mìíràn sún mọ́ ọn. Sìmẹ́ńtì yẹn gan-an ló ń pa á.

Ògiri amọ̀ a máa mu omi, a sì máa dá a padà. Omi ilẹ̀ ń gòkè láti ìpìlẹ̀, ó lè ga tó mítà kan, ojú ògiri ló sì ń gbà jáde nígbà tí oòrùn bá là tí atẹ́gùn bá fẹ́. Ẹ ti wá fi sìmẹ́ńtì dí ojú náà pa. Omi tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde mọ́, ńṣe ló ń gbára jọ sẹ́yìn sìmẹ́ńtì. Ti òkè ńkọ́? Sìmẹ́ńtì le, amọ̀ rọ̀. Bí ooru ọ̀sán bá mú wọn, tí òtútù òru bá tún dé, wọn kì í fẹ̀, wọn kì í sì í súnkì bákan náà, ibẹ̀ ni sìmẹ́ńtì ti ń sán. Ojú sísán tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí ti tó fún òjò láti wọlé, kò sì ní tó fún un láti jáde. Bó bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ ògiri á padà di amọ̀ pípò, ẹrù òrùlé á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ohun tó fà á tí igun fi ń tẹ̀ síta nìyẹn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ gba ẹrù òrùlé kúrò lórí igun náà. Ẹ gbé òpó ró sábẹ́ ráftà, igi tó gbé òrùlé, nínú ilé, òpó kan ní fíìtì mẹ́rin-mẹ́rin, kí pákó fífẹ̀ wà ní ìdí òpó kí ó má baà rì. Ẹ má fi igi lásán ti ògiri láti ìta kí ẹ rò pé ó ti parí. Ìsàlẹ̀ tó rọ̀ lè yọ̀ lábẹ́ ìtìlẹ́yìn yẹn.

Lẹ́yìn náà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ṣí sìmẹ́ńtì láti ilẹ̀ dé ìwọ̀n mítà kan. Kí ẹni tó ń ṣí i dọ́gbọ́n: kí ṣísù máa lọ ní ẹ̀gbẹ́ láàárín sìmẹ́ńtì àti amọ̀, kì í ṣe kó máa gún wọnú ògiri. Ibi tó bá ṣì lẹ̀ mọ́ amọ̀ tó dáa lókè, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Bí ògiri bá ti gbẹ, yóò tú fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá fipá ya á, á kó amọ̀ dání. Ẹ sì ní sùúrù fún gbígbẹ. Ìṣirò àwọn tó ń ṣe é ni íńṣì kan lóṣù kan, nítorí náà ẹni tó bá ní òun á rẹ́ ẹ padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ń tan yín.

Ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta fún mi: etí páànù yọ síta tó báwo? Ṣé kọnkéré kan ògiri? Báwo ni ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ṣe rí?

Ọmọ Abà

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Etí páànù kò ju fíìtì kan lọ. Kọnkéré kan ògiri tímọ́tímọ́, omi tilẹ̀ máa ń dúró níbi tí wọ́n ti pàdé. Lẹ́yìnkùlé, ilẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀, ìpìlẹ̀ yọ síta ní nǹkan bí íńṣì mẹ́wàá, a sì ń rí òkúta wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀.

Ayàwòrán Ilé

Ẹ̀yìnkùlé yẹn, ìgbálẹ̀ ló gbé e lọ. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbá àyíká ilé lábà, ìgbálẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń kó erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, òjò á sì wẹ èyí tó tú lọ. Ní ilé tó ti pé àádọ́ta ọdún, ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri dáadáa, ẹ ó rí ìlà kan tí àwọ̀ ti yí padà: ibẹ̀ ni ilẹ̀ wà lọ́jọ́ tí wọ́n mọ ọ́n. Kòtò ìpìlẹ̀ àwọn ilé yìí kì í jìn ju fíìtì kan lọ. Bí ilẹ̀ bá ti fi íńṣì mẹ́wàá sá, ìpìlẹ̀ ti di ògiri nìyẹn, omi tó ń kán láti etí páànù sì ń ta sí i lára lójoojúmọ́ òjò.

Àwọn tó kọ́ ilé náà ti mọ ewu yìí, wọ́n sì ní oògùn rẹ̀. Pèpéle tí wọ́n ń mọ mọ́ ìdí ògiri, tí a ń jókòó lé nírọ̀lẹ́, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Yàtọ̀ sí pé ó jẹ́ ìjókòó, òun ni omi ń ta sí dípò ògiri. Òjò á jẹ pèpéle lọ́dọọdún, wọn á pò amọ̀ díẹ̀, wọn á tún un rẹ́, ògiri kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn ra bẹ́ǹṣì tí wọ́n wó pèpéle, wọ́n bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ògiri.

Nítorí náà, ẹ dá ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé padà sí ibi tó wà: ẹ fi erùpẹ̀ pupa kún un ní íńṣì mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹ máa fi igi wúwo gún un kó dì, kí ó sì dagun kúrò lára ilé, íńṣì mẹ́fà sísàlẹ̀ nínú fíìtì mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ to yangí mọ́ ìdí ògiri, kó ga tó fíìtì kan ààbọ̀, kó fẹ̀ tó fíìtì kan ààbọ̀, ẹ fi amọ̀ di àárín rẹ̀, ẹ rẹ́ orí rẹ̀ kó dagun síta. Pèpéle nìyẹn, bíi tàtijọ́, ó kàn jẹ́ pé yangí wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rá tàbí sìmẹ́ńtì sí àárín yangí àti ògiri.

Ìyá Kòkó

Ọmọ mi, kọnkéré iwájú ilé yẹn ni kí o kọ́kọ́ bá wí. Ilẹ̀ tí a ń sá kòkó sí kì í kan ilé. Lọ háyà ẹ̀rọ tó ń gé kọnkéré, kí wọ́n gé fíìtì méjì ààbọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti igun dé igun, kí ẹ kó o dànù, kí ẹ gbẹ́ ibẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Bí kọnkéré tó kù bá dagun síhà ilé, gọ́tà kékeré gbọ́dọ̀ wà létí rẹ̀ tí yóò máa kó omi lọ sí ẹ̀gbẹ́.

Má jẹ́ kí wọ́n sọ fún ọ pé ibi ìsákòkó á kéré. Kòkó tí a bò kó kan fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí a sá fún ọ̀sẹ̀ kan nínú oòrùn tó dáa, tí a wá gbé sínú yàrá tí ògiri rẹ̀ tutù báyìí, á tún fa omi mọ́ra. Kòkó tó gbẹ dáadáa kò gbọ́dọ̀ ní omi ju ìdá 7 tàbí 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bó bá kọjá 8, ó ti fẹ́ máa bu, ẹni tó ń rà á á sì gé iye rẹ̀. Ilé tó ń jẹrà yẹn ń jẹ owó yín lọ́nà méjì.

Tí ẹ bá ń fi ọ̀kan nínú yàrá náà ṣe sitọ́ọ̀, ẹ to pákó sílẹ̀, kí àpò má kan ilẹ̀, kí ó sì fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan jìnnà sí ògiri. Tí àjà bá wà níbẹ̀, ẹ má kó kòkó lé e. Àpò 16 ló ń di tọ́ọ̀nù kan, igi àjà tí ikán ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí kò lè gbé e.

Káfíńtà Àgbà

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí òrùlé, nítorí ibẹ̀ ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Irú ilé yìí, ewé gbodogí ni wọ́n fi ń bo ọ̀pọ̀ wọn nílẹ̀ igbó kí páànù tó dé; lápá ọ̀dàn, bẹẹrẹ ni. Wọ́n á ṣẹ́ ewé lé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi igi wẹ́wẹ́ gún un pa pọ̀, ìlà kan á gun orí èkejì bí ìpẹ́ ẹja. Ewé kò lè dúró lórí òrùlé tó tẹ́. Ó gbọ́dọ̀ ga ṣóńṣó kí omi má bàa dúró, etí rẹ̀ á sì wálẹ̀ gan-an, èèyàn á tẹrí ba kó tó wọlé. Èéfín iná ìdáná ló ń lé kòkòrò kúrò nínú rẹ̀, tó sì ń jẹ́ kó gbẹ. Ilé tí wọn kò bá dáná sínú rẹ̀ mọ́, ewé rẹ̀ á tètè jẹrà.

Nígbà tí páànù dé, káfíńtà rí i pé páànù lè dúró lórí òrùlé tó tẹ́, ó sì dín igi kù. Ó gé etí rẹ̀ kúrú kí páànù lè tó. Ògiri tí wọ́n mọ fún etí fíìtì mẹ́ta wá bọ́ sábẹ́ etí fíìtì kan. Ògiri kò yí padà, fìlà rẹ̀ ló kéré.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ mú igi 2 sí 4, ẹ kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ ráftà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ kó yọ fíìtì kan ààbọ̀ sí i síta, kí fíìtì mẹ́ta rẹ̀ wà nínú, kí ẹ fi bóòtù méjì so ó, kì í ṣe ìṣó nìkan. Èyí tó wà nínú gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó yọ síta, bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn á ṣí i sókè. Bí ẹ bá fẹ́ kó yọ ju fíìtì mẹ́ta lọ, ẹ ri òpó sílẹ̀ kó di fáráńdà.

Ẹ wo orí ògiri pẹ̀lú. Nínú ọ̀pọ̀ ilé abà, ráftà jókòó lórí amọ̀ lásán. Bí atẹ́gùn ti ń mì ín ni ó ń rẹ́ amọ̀ bí ayùn, òótọ́ ni, ẹ gun àkàbà ẹ ó rí ojú rẹ̀. Ẹ tẹ́ igi fífẹ̀ lé orí ògiri láti igun dé igun, kí ráftà jókòó lé e. Kí ẹ lu ihò sí ògiri ní fíìtì méjì sísàlẹ̀, kí ẹ ki igi líle kékeré kan bọ̀ ọ́ ní ìbú, kí wáyà gba abẹ́ igi náà gòkè wá di igi orí ògiri mú. Wáyà kan ní fíìtì mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ má da kọnkéré lé orí ògiri amọ̀ pé ẹ ń ṣe bẹ́líìtì fún un. Ó wúwo, á sì ya kúrò lára amọ̀.

Páànù: ìṣó lórí ibi tó ga, kì í ṣe nínú ibi tó kòtò níbi tí omi ń gbà. Kí rọ́bà wà lábẹ́ orí ìṣó. Kí páànù òkè fi íńṣì mẹ́fà gun ti ìsàlẹ̀, kí ti ẹ̀gbẹ́ fi ìgbì méjì gun ara wọn, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tí òjò kì í ti bọ̀.

Ọmọ Abà

Ẹ kú àlàyé o. Tí ògiri bá ti gbẹ, kí la máa fi dí ibi tó jẹrà? Ṣé ká pò amọ̀ tuntun ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn? Erùpẹ̀ wo ló dáa?

Bíríkìlà Alámọ̀

Àṣìṣe tó pọ̀ jù nìyẹn. Amọ̀ tútù tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ ògiri gbígbẹ á súnkì, á sì ya kúrò lára rẹ̀, ẹrù òkè kò ní kàn án rárá. Amọ̀ tó ti súnkì tán lẹ nílò, ìyẹn bíríkì amọ̀ tí ẹ ti sá gbẹ.

Erùpẹ̀ tó sún mọ́ ilé ni kí ẹ fi ṣe é, òun náà ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ẹ kó ilẹ̀ dúdú òkè kúrò, nítorí gbòǹgbò àti ewé tó wà nínú rẹ̀ á jẹrà; pupa ìsàlẹ̀ lẹ fẹ́. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ da omi sí i pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Iyanrìn á wà nísàlẹ̀, amọ̀ gidi á wà lókè. Bí amọ̀ bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí nínú márùn-ún gbogbo rẹ̀, ó dáa. Ìdánwò kejì yá ju èyí lọ: ẹ yí i bí sìgá tó nípọn tó àtàǹpàkò, kó gùn tó 20 sẹ̀ǹtímítà, ẹ rọra tì í kọjá etí tábìlì. Bó bá já kó tó yọ sẹ̀ǹtímítà 5, iyanrìn ti pọ̀ jù. Bó bá kọjá 15 kó tó já, amọ̀ ti pọ̀ jù, á sán. Ẹ fi ṣáàpù (iyanrìn líle) kún un.

Ẹ pò ó lónìí, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ bò ó, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú méjì, ẹ tún un tẹ̀. Ẹ gé koríko gbígbẹ sí ìwọ̀n ìka kan sí i. Bíríkì íńṣì 12 sí 6 sí 4 rọrùn láti gbé. Ẹ sá a sábẹ́ ibòji fún ọjọ́ mẹ́ta kó má bàa sán, ẹ wá yí i dúró ní ẹ̀gbẹ́, kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ ṣẹ́ ọ̀kan sí méjì: bí àárín rẹ̀ bá ṣì dúdú ju etí lọ, kò tíì gbẹ.

Ó wá ku gígé. Ẹ má gé ìsàlẹ̀ ògiri láti igun dé igun lẹ́ẹ̀kan, á wó lé yín lórí. Ẹ gé fíìtì méjì ààbọ̀, ẹ fi fíìtì márùn-ún sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, ẹ tún gé fíìtì méjì ààbọ̀. Ẹ gé e dé ibi tó le, kí ìsàlẹ̀ ojú gígé náà tẹ́jú, kò gbọdọ̀ dagun. Bí inú rẹ̀ bá rọ̀ ju ìdajì ìpọn ògiri lọ, ẹ dúró, ẹ fi òpó kún òpó. Ẹ wọ́n omi fẹ́ẹ́rẹ́ sójú gígé, ẹ to bíríkì pẹ̀lú amọ̀ kan náà tí ẹ fi ṣe é, kí bíríkì máa gun ara wọn, kí díẹ̀ nínú wọn wọnú ògiri àtijọ́. Àlàfo íńṣì kan tó bá kù lókè, amọ̀ tó le bí ẹ̀bà ni kí ẹ fi igi gún wọ inú rẹ̀ títí kò fi ní gbà mọ́. Ibẹ̀ ni ẹrù òrùlé ti ń bọ́ sórí iṣẹ́ tuntun. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ sí ibi tó kàn.

Ẹnjiníà Kékeré

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀gbọ́n, mo gbà púpọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ mi ò rí ìdí tí a kò fi ní fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ sínú bíríkì yẹn. Ìdá 5 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ti tó kí omi má lè tú u. Bíríkì amọ̀ oní-sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ti wọ́pọ̀, ó sì ń pẹ́. Kí ló dé tí a ó fi ohun tó lè tú nínú omi sí ibi tí omi wà?

Bíríkìlà Alámọ̀

Fún ilé tuntun, kò sóhun tó burú nínú rẹ̀. Fún ìdí ògiri yìí, ó burú. Bíríkì tó le á wà lábẹ́, amọ̀ tó rọ̀ á wà lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi tó bá gòkè á yẹra fún èyí tó dì, á gba inú amọ̀ àtijọ́ tó wà láàárín àwọn ibi tí ẹ dí. Lọ́dún mélòó kan, iṣẹ́ yín á dúró digbí, ògiri tí ẹ fẹ́ gbà là á ti rà lọ yí i ká. Ohun tí ẹ bá fi dí ògiri gbọ́dọ̀ rọ̀ tó ògiri tàbí kó rọ̀ jù ú lọ.

Ẹnjiníà Kékeré

Ó yé mi wàyí. Kí ìsàlẹ̀ pátápátá tó kan ilẹ̀ jẹ́ yangí ńkọ́?

Ayàwòrán Ilé

Ìyẹn dáa, bí ẹ bá rí i pé ìpìlẹ̀ níbẹ̀ ti tú. Yangí kì í fa omi sókè tó amọ̀, pàápàá bí ẹ bá fi amọ̀ tó ní ṣáàpù púpọ̀ to ó. Ṣùgbọ́n ní ibi tí ẹ ti gé nìkan, kì í ṣe káàkiri.

Tòkunbọ̀ Devon

Ẹ kú ìjíròrò. Gúúsù ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Devon wà, ilé àwọn òṣìṣẹ́ oko àtijọ́ sì pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Cob ni wọ́n ń pè é: erùpẹ̀ ìsàlẹ̀, koríko gbígbẹ, omi, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tò ó ní ipele tó ga tó fíìtì méjì, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó gun orí rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe bá tiwa dọ́gba. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ògiri wọn nípọn tó fíìtì méjì, ó sì máa ń jókòó lórí òkúta tó yọ lókè ilẹ̀. Wọ́n ní bí ògiri cob bá ti ní fìlà rere àti bàtà rere, kò sóhun tó lè ṣe é, òun ni mo ṣe rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí ọ̀rọ̀ fìlà àti bàtà níbí.

Àìsàn kan náà ló bá wọn. Ní ọ̀rúndún ogún, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn kan sì wó lójijì, nítorí ẹnikẹ́ni kò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn sìmẹ́ńtì. Láìmì (lime), ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń fi òkúta sísun ṣe, ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ báyìí. Ẹ má kánjú pe ilé yín ní ilé tálákà. Àwọn ilé òṣìṣẹ́ oko Devon yẹn, òfin ló ń dáàbò bo púpọ̀ nínú wọn lónìí, ẹni tó ni ín kò lè wó o láìgba àṣẹ.

Inú mi dùn sí ilẹ̀kùn tó kọjú síta yẹn náà. Lọ́dọ̀ wọn, ọ̀gá oko ló ń ni ilé òṣìṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá ti bọ́, ilé bọ́ nìyẹn, títí òfin fi dáàbò bo irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 1976.

Olùkọ́ Ìtàn

Lórí ilẹ̀kùn yẹn: àwòrán ilé náà fúnra rẹ̀ ń sọ ẹni tí wọ́n kọ́ ọ fún. Ilé baba oko ní abà a máa ní pàséèjì láàárín, yàrá lọ́tùn-ún lósì, fáráńdà níwájú. Àwọn Àgùdà tó padà bọ̀ láti Brazil ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ wọ Èkó, owó kòkó ló sì gbé e wọ oko. Ilé alágbàṣe kò ní pàséèjì nítorí pé wọn kì í ṣe ẹbí kan náà. Ìgbìrà lè wà ní yàrá kan, Àgàtú ní èkejì, kálukú ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, wọ́n á sì jọ lo ilé ìdáná kan lẹ́yìn. Irú ìgbésí ayé yìí kì í fi ìwé sílẹ̀, ilé ló fi sílẹ̀.

Àwọn alágbàṣe ló sì tan kòkó kálẹ̀. Àwọn tó ṣiṣẹ́ ní oko J. K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Agége ló gbé irúgbìn àti ìmọ̀ padà sí ìlú wọn. Bí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ṣe wá dá àwọn abúlé àgbẹ̀ sílẹ̀ láti 1959, ní Akúfọ̀, Ìlọrà, Ìkẹ́nnẹ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ilé ibẹ̀. Ní 1960, sìmẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti Ewékorò. Láti ìgbà náà ni amọ̀ ti di ohun ìtìjú.

Kí wọ́n tó gbé ṣísù, ẹ ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wọn yàrá kọ̀ọ̀kan láti igun sí igun ní ìdábùú pẹ̀lú, nítorí kò sí yàrá alámọ̀ tí igun rẹ̀ gún régé. Ẹ ya fọ́tò ògiri kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀pá mítà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fa ìlà sí ibi tí ojú sísán kọ̀ọ̀kan parí sí, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bí ó bá kọjá ìlà lóṣù kejì, ilé ṣì ń rìn. Ẹ má ju ilẹ̀kùn àtijọ́ nù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pákó kan ṣoṣo tí wọ́n fi àáké gbẹ́, ẹ ó rí ojú àáké lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ bá fi iná tọ́ọ̀ṣì sí i ní ẹ̀gbẹ́.

Ìyá Kòkó

Rírẹ́ ògiri ló kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, iṣẹ́ àwọn obìnrin sì ni láyé ijọ́un. Amọ̀ tí a ti jọ̀ òṣùwọ̀n kan, ṣáàpù méjì, koríko gígé ìdajì, bọ́tọ̀ màlúù tútù ìdajì. Pò ó, fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, á rùn, má bẹ̀rù, òórùn náà á lọ bó bá gbẹ. Bọ́tọ̀ ló ń mú un lẹ̀ mọ́ra tí òjò kì í fi tètè wẹ̀ ẹ́. Wọ́n omi sí ògiri, rẹ́ ẹ ní ìwọ̀n ìka kan, fi ìgbálẹ̀ ha ojú rẹ̀ kó tó gbẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, rẹ́ ìpele kejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láìfi koríko sí i, fi òkúta odò dán an.

Lókè ọ̀hún lọ́dọ̀ àwọn Haúsá, omi èèpo pódi irúgbá tí wọ́n sè ni wọ́n ń fi kun ojú rẹ̀ kó má mu òjò. Èèpo irúgbá kò wọ́n lọ́jà àwọn tó ń ṣe irú. Sè é títí omi á fi pupa kó sì nípọn, fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn sára ògiri ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ ó máa tún un ṣe lẹ́yìn òjò ọdún méjì sí mẹ́ta. Bí ẹ bá rí láìmì, ẹ lè fi kùn ún, ẹfun náà ń dára. Ẹ má fi pẹ́ǹtì olóròró kùn ún, sìmẹ́ńtì míì nìyẹn.

Ọmọ Abà

Màmá, ẹ ṣé. Ikán ńkọ́? Àwọn kan ní ká da ọ́ìlì mọ́tò tó ti dúdú sí ìdí ògiri.

Káfíńtà Àgbà

Ẹ má dà á. Á ba ilẹ̀ àti kànga jẹ́, plásítà amọ̀ kò sì ní lẹ̀ mọ́ ibi tó bá kàn láé. Ikán kì í jẹ amọ̀, igi ló ń wá, amọ̀ ló ń gbà débẹ̀. Ẹ máa yẹ ìdí ògiri wò lóṣù-lóṣù, nínú àti lóde. Ọ̀nà ikán tó rí bí okùn amọ̀ tó ń gòkè, ẹ fọ́ ọ, ẹ tẹ̀ lé e dé ibi tó ti wá. Pákó, igi ìdáná àti èèpo kòkó kò gbọdọ̀ fara ti ògiri. Igi tí ẹ bá fẹ́ fi rọ́pò àtẹ́rígbà tàbí igi orí ògiri, ẹ wá ayan tàbí àpá, ẹ sì jẹ́ kó wọnú ògiri ní íńṣì mẹ́wàá lápá méjèèjì; igi funfun ọjà kò ní rí ọdún márùn-ún.

Ọmọ Abà

Mo ti tẹ gbogbo èyí sórí ìwé fún ẹbí. Oṣù kẹsàn-án la wà, òjò ṣì ń rọ̀. Kí ni a lè ṣe báyìí láìdúró de ẹ̀ẹ̀rùn?

Bíríkìlà Alámọ̀

Òpó abẹ́ ráftà, lónìí. Kí wọ́n gé kọnkéré kúrò lára ògiri, kí wọ́n sì la gọ́tà lọ́sẹ̀ yìí, òjò kò dí i lọ́wọ́. Ẹ fi páànù àtijọ́ gùn etí òrùlé lápá igun tó ń tẹ̀, kó kàn lè dáàbò bò ó ná. Ẹ gbẹ́ erùpẹ̀, ẹ bò ó mọ́lẹ̀ kí òjò má wẹ̀ ẹ́, ẹ ṣe ìdánwò ìgò. Sìmẹ́ńtì ara ògiri, ẹ má fọwọ́ kàn án títí oṣù kọkànlá á fi bẹ̀rẹ̀, nítorí bí ẹ bá ṣí i nínú òjò, amọ̀ tó rọ̀ yẹn á ṣàn jáde lójú yín. Bíríkì, ẹ mọ ọ́n lóṣù kọkànlá kan náà, bí ọgọ́rùn-ún méjì fún igun yẹn, kí ó lè gbẹ kí ògiri náà tó gbẹ. Rírẹ́ rẹ̀ di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí. Kí etí òrùlé gùn kí òjò àkọ́kọ́ tó dé lóṣù kẹta, ìyẹn ni kò gbọdọ̀ yẹ̀.